Ìwọ̀n Òwúrọ̀

Téèpù náà tutù bí ejò nígbà tí Baba Metodi lọ́ ọ mọ́ apá ọ̀tún Ognyan.

"Ká apá ẹ. Mí jáde. Má wú bí ọ̀pọ̀lọ́ sí mi lọ́wọ́ o."

Aago méje òwúrọ̀ ni, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé irin ní ìlú Pernik. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan irin. Òfin wọn nìyẹn: ènìyàn kì í wọn ara rẹ̀, wọn kì í sì í wọn apá tí gbígbé irin ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, tó sì wú. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò lọ sí ìdíje ẹwà iṣan ara ní ìlú Burgas ní Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá gbogbo ara dọ́gba. Baba Metodi, olùkọ́ wọn, ni yóò yàn án.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógójì."

Ojú ti Ognyan. Nílé, lẹ́yìn tó bá ti gbé irin tán, ogójì ló máa ń rí lórí téèpù ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló ti fi ń yọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ lásán.

Spas, akẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun náà fẹ́ lọ, tí apá tirẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélógójì, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé apá nìyẹn àbí ọwọ́ ṣíbí?"

"Ìwọ, ká ṣòkòtò ẹ sókè," ni Baba Metodi wí. Ó wọn ibi tó ki lẹ́yìn ojúgun Spas: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. "Apá màlúù lórí ẹsẹ̀ àkùkọ! Ta ló yá ẹ lápá?"

Ó padà sọ́dọ̀ Ognyan. Ọrùn, mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀yìn ojúgun, mẹ́tàdínlógójì. Ó kan apá òsì. Ní oṣù Kẹta ọdún méjì sẹ́yìn, páìpù já lé apá yìí ní ilé iṣẹ́ irin. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi wà nínú sìmẹ́ǹtì dókítà. Nígbà tí wọ́n tú u, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ife tíì kò sì ṣeé fi gbé.

Baba Metodi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. "Mẹ́tàdínlógójì." Ó di ọrùn ọwọ́ Ognyan mú. "Egungun ẹ tín-ín-rín bí ti ọmọge. Ohun tó wà lórí ẹ̀ yìí, ó pọ̀. Kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Ìwọ lò ń lọ."

Spas wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì tú ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, Ognyan rò ó nínú. Ó gba téèpù lọ́wọ́ Baba Metodi.

"Ẹ jẹ́ kí n wọn tiyín náà, Baba."

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀? Egungun ọbẹ̀?"

Síbẹ̀, baba náà ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Apá yìí ló ti wà lábẹ́ gbogbo irin tí Ognyan gbé fún ọdún méjì, tó ń gbà á sílẹ̀ nígbàkigbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá gbọ̀n. Kò jẹ́ kí ọ̀kankan já lé e láyà rí.

"Mélòó ni?"

Ognyan fi àtàǹpàkò bo nọ́ńbà náà.

"Ó kárí gbogbo wa, Baba."