Adìẹ Alhaja Nínú Agbọ̀n Obì

Adìẹ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo adìẹ tí Alhaja Sùmáyà fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Òpìpì ni, èyí tí ìyẹ́ ara rẹ̀ kò tó nǹkan, irú èyí tí Alhaja ti ń sìn láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ní Sábó, Ṣàgámù. Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Hussain, àbígbẹ̀yìn Alhaja, kó gbogbo ìyókù fún àwọn alásè, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òpìpì yìí nìkan ló ta kán gun òrùlé. Hàmdálátù, àkọ́bí, ló mú un sọ́dọ̀.

Nígbà tí adìẹ náà yé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, inú Hàmdálátù dùn kọjá ààlà. Tí ẹyin wọ̀nyí bá pa, ìran adìẹ ìyá òun kò ní parun. Tí wọn kò bá pa, ó parí nìyẹn, nítorí òpìpì náà ti darúgbó, kò sì jọ pé yóò tún yé mọ́.

Obì ni Hàmdálátù ń tà, obì náà ló sì mọ̀. Ewé tútù ni ẹ̀mí obì. Gbòdògì ni wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n rẹ̀, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á máa pààrọ̀ ewé, wọ́n á sì máa ṣa èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe fún adìẹ. Ó gbé e sínú agbọ̀n obì àtijọ́, ó tẹ́ gbòdògì tútù sí i. Nígbà tó rí yọ̀rọ̀, kòkòrò wínníwínní tí í mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ, tí wọ́n ń rìn lórí ewé, ó pààrọ̀ ewé, ó tún wọ́n omi. Ọmọ olóbì ò ní gbà kí kòkòrò fi òun ṣẹ̀sín. Àṣé ẹní ló ń tẹ́ fún yọ̀rọ̀! Ibi tútù, ibi ṣíṣókùnkùn, ibẹ̀ ló dùn mọ́ wọn jù.

Láàárọ̀ Sátidé kan, adìẹ bọ́ sílẹ̀ lórí ẹyin, kò padà. Ó ń họra, ó ń gbọn ìyẹ́ díẹ̀ tó ní. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Hàmdálátù fọwọ́ kan ẹyin, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní pẹ́ tutù. 

Hussain gbé ìgò ọ̀tapíápíá dé. "Àǹtí mi, ẹ fọ́n èyí sí i, kíá ni yọ̀rọ̀ yẹn á kú."

"Wọn á kú, adìẹ á kú, ọmọ inú ẹyin náà á kú. O ò tíì jẹ adìẹ Màmá yó ni? Gbé májèlé rẹ kúrò níwájú mi."

Hussain gbé ìgò rẹ̀ padà. Ó mọ ohun tó ṣe.

Ìgbà yẹn ni Hàmdálátù rántí. Alhaja kì í jẹ́ kí wọ́n da eérú ààrò rẹ̀ nù. Ẹ̀yìn ilé ló ń kó o sí, ibẹ̀ sì ni àwọn adìẹ rẹ̀ ti ń yíra. Hàmdálátù ti rò pé ahun ló ń ṣe é, àṣé oògùn yọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n eérú dà báyìí? Láti ìgbà tí Alhaja ti kú, Hussain ti wó ààrò náà, gáàsì ni gbogbo ilé fi ń dáná. Ilé kejì tó sáré dé, iná igi ń jó lọ́wọ́, eérú ibẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ló bá kọrí sọ́dọ̀ Lydia, ìyàwó olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé lẹ́yìn ògiri. Ẹlẹ́sìn Ọjọ́ Keje ni Lydia. Kì í dáná ní Sátidé, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń fi igi se ẹ̀wà rẹ̀, nítorí náà eérú rẹ̀ ti tutù. Ó ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, Bíbélì wà lábẹ́ abíyá.

"Ìyá Ẹ̀bùn, mo mọ̀ pé ìsinmi yín nìyí, ẹ má bínú. Eérú ni mo wá tọrọ. Adìẹ Alhaja fẹ́ kọ ẹyin sílẹ̀."

Lydia gbé Bíbélì rẹ̀ kalẹ̀. "Jésù ní àgùntàn tó bá já sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, ká fà á jáde. Kò dárúkọ adìẹ o, Ìyá Tawfiq, ṣùgbọ́n n ò rò pé ó máa bá mi jà."

Àwọn méjèèjì kó gbòdògì náà jáde, wọ́n sun ún. Wọ́n gbọn agbọ̀n, wọ́n fi eérú pa inú rẹ̀, wọ́n wá tẹ́ ewé dóńgóyárò gbígbẹ sí i. Lydia di adìẹ mú, Hàmdálátù ń fi eérú ra á lábẹ́ apá. Adìẹ gbọnra lẹ́ẹ̀kan, gbogbo aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì di funfun.

"Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," ni Hàmdálátù wí.

"Ẹ̀yin lẹ dà á, èmi ló tọ̀," ni Lydia dáhùn, ó rẹ́rìn-ín lọ pààrọ̀ aṣọ.

Hàmdálátù fi aṣọ gbígbẹ nu ẹyin, ó dá wọn padà. Adìẹ ò wo ibẹ̀. Hàmdálátù jókòó sórí àpótí, kò lọ sọ́jà, àwọn oníbàárà obì ń pè é lórí fóònù, kò gbé e. Adìẹ lọ yíra nínú eérú tó kù nílẹ̀, ó yíra títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dìde, ó yí agbọ̀n ká, ó wọ inú rẹ̀, ó sì sàba.

Kì í ṣe gbogbo ẹyin ló pa, àwọn kan di ọ̀bu. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí Hàmdálátù gbọ́ ohùn ọmọ adìẹ nínú agbọ̀n, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ kò sunkún. Àlejò pọ̀, ìkòkò pọ̀, àyè ò sí.

Nígbà tó nu ojú tán, ó gbọ́ ìró òkúta lẹ́yìn ilé. Hussain ló ń to ààrò padà síbi tí ti Alhaja wà.

"Ta ló fẹ́ máa dáná níbẹ̀?" ni Hàmdálátù bi í.

"Èmi ni," ni Hussain wí. Kò gbé ojú sókè.