Orin Tí Ọ̀gbẹ́ni Viallet Fi Imú Kọ

Philomène Gourdon, tó dáná fún Ọ̀gbẹ́ni Anselme Viallet títí ọlọ́jọ́ fi dé, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ibi tí òun kò sí níbẹ̀, Viallet fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, torí kò ní ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún.

Viallet kọ orin púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ ti dùùrù, ó kọ èyí tí wọ́n fi sin ìyàwó rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn èèyàn gbọ́ ọ, ìwé wọn sì wọ inú àpótí lọ. Olùkọ́ ni gbogbo ìlú wa létí odò Allier mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ tó bá mọ dùùrù tẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ Viallet ló ti kọjá. Ṣùgbọ́n Léontine Barjot nìkan ló máa ń mú kí ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, kí ó kàn máa gbọ́.

Ọmọ òrukàn ni Léontine. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ ti bá a gba àyè ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ìbọ̀wọ́. Àdéhùn wọn ni pé bí ó bá gba ipò kìíní nínú ìdánwò ọdún náà, tí ìlú sì rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá ní Paris, kó máa lọ. Bí kò bá gbà á, abẹ́rẹ́ ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó tún ìdánwò náà ṣe mọ́.

Apá kan ìdánwò yẹn ló máa ń ba gbogbo ọmọ lẹ́rù. Wọn á gbé orin tuntun kan ka iwájú ọmọ, orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ọmọ á wò ó díẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ kan ni wọ́n ń yàn lọ́dọọdún láti kọ orin náà, á sì lẹ ìwé rẹ̀ pa kí ó tó gbé e fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ orin ìlú wa. Lọ́dún yẹn, Viallet ló kàn.

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí kọ ọ́. Philomène pàápàá kò rí ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jókòó nílé ìdáná tó ń bá ìyá náà bó ẹ̀wà tútù, orin a máa gba imú rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ tún ti ń kùn bí oyin," ni Philomène wí.

"Èmi? Mi ò kùn."

"Ẹ̀ ń kùn. Ẹ wá ń ju ẹ̀wà sáàárín èèpo, ẹ ń ju èèpo sínú ìkòkò. Léontine, ṣé o rí irú ẹni tí mò ń bá gbélé?"

Léontine jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn. Ó sàn ju ìgbà tí wọ́n bá ń bá mi jà lọ."

"Tẹ dùùrù dáadáa," ni Viallet dáhùn, "ká wo ẹni tó máa bá ẹ jà."

Lọ́jọ́ ìdánwò, Viallet jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́. Ó ti dẹ pàkúté sí àárín orin náà. Orin ọ̀hún á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á wá yà kúrò lójú ọ̀nà lójijì, láìkìlọ̀. Gbogbo àwọn tó ṣáájú Léontine ló kọsẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Perrichon oníbúrẹ́dì tilẹ̀ dúró pátápátá, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú.

Léontine jókòó, ó wo ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Viallet rò pé ẹ̀rù ni. Nígbà tó dé ibi pàkúté, kò kọsẹ̀. Ó di ohùn kan mú kí ó tó yà, ó dúró lé e bí ẹni tó dé ẹnu ilẹ̀kùn tó kọ́kọ́ ń fetí sí àwọn ará ilé kí ó tó kànkùn. Lẹ́yìn náà ló wá wọlé.

Viallet gbé ojú sókè wò ó. Dídúró yẹn kò sí nínú ìwé. Kò kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí níbòmíràn láyé àfi nínú ọ̀fun tirẹ̀, nílé ìdáná.

Fauconnet, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí òun àti Viallet jọ kẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré, fẹnu sí i létí. "Anselme, ọmọ yìí kà á bíi pé òun ló kọ ọ́. Ó ti gba Paris tán."

Kí Viallet pa ẹnu mọ́ ló kù. Ó ronú kan abẹ́rẹ́. Ó ronú kan àpótí rẹ̀, torí Léontine ti ṣèlérí pé òun á mú ọ̀kan nínú àwọn orin ibẹ̀ tẹ̀ ní Paris. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti bà á: kò mọ̀ bóyá torí ọmọ náà ni òun ṣe fẹ́ dákẹ́, tàbí torí ara òun.

"Ó ti gbọ́ ọ rí," ló sọ.

"Níbo?"

"Lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Mò ń bó ẹ̀wà."

Adájọ́ kan bú sẹ́rìn-ín, ó wo ojú Viallet, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ta ló bi ẹ́?" ni Fauconnet rọra wí. "Anselme, kò sẹ́ni tó bi ẹ́."

"Mo mọ̀."

Wọ́n pe Léontine padà, wọ́n sì bi í. Viallet ni Léontine ń wò bó ṣe ń dáhùn. "Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ìlà kejì kí n tó mọ̀ pé òun ni. Ọwọ́ mi ti ń lọ."

Wọ́n mú ìwé orin mìíràn láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kà á dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣi ibì kan tẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn tún un ṣe. Ọmọ kan láti òdìkejì odò ló gba ipò kìíní. Léontine ṣe ipò kejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ipò kejì kì í lọ sí Paris.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó àwọn ìwé orin tó yá wá sí ilé ìdáná. Philomène bu kọfí fún un. Kò jókòó.

"Ká ní ẹ dákẹ́ ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Wàá lọ. Àmọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún ẹ níbẹ̀, wàá máa rò ó pé..."

"Ẹ má bá mi rò ó. Èmi ni ǹ bá rò ó fúnra mi, tí mo bá débẹ̀."

Ìwé orin ìdánwò náà wà lórí tábìlì. Wọ́n ti dá a padà, kò wúlò fún wọn mọ́. Léontine fi ìka lé ibi tí orin ti yà.

"Dídúró yẹn ò sí níbí."

"Mo gbàgbé rẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ sí i."

Viallet wá pẹ́ńsù rẹ̀ títí. Ó fi àmì kékeré tí wọ́n fi ń mọ ibi ìdúró sórí ohùn ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló na ìwé sí i. Léontine mi orí.

"Mo ti ní in," ló wí. Ó so ìborùn rẹ̀. "Màmá, ó dàbọ̀."

Ó gba ọ̀nà etí odò, níbi tí ilé iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ wà. Philomène dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ọ tó ń fi imú kọ orin náà lọ. Ó dé ibi tí orin ti yà, ó dúró lé ohùn náà bó ṣe yẹ, ó sì ń bá a lọ. Ìyá náà ń retí kí ó yíjú padà. Kò yíjú.