Àgbò Iléyá Kọ́ Lèyí

Bí ẹ bá dé mọ́ṣáláṣí wa ní Woolwich, ní London, tí ẹ béèrè ẹni tó mọ àgbò yàn, èmi Kareem ni wọ́n máa nawọ́ sí. Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi ni wọ́n ń mú lọ sí oko. Màá la ẹnu ẹran, màá tẹ ìbàdí rẹ̀ wò, màá mi orí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí ohun tí mò ń wò. Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n tán.

Àṣejù yìí ló jẹ́ kí n ra abo alipáká mẹ́ta, ẹran ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń fi irun rẹ̀ hun aṣọ òtútù. Mo gba pápá fún wọn lẹ́bàá ilé iṣẹ́ omi ẹ̀gbin Crossness, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé òórùn ìgbẹ́ gbogbo London wá kí wa. Jemilat ìyàwó mi fi irun tí a kọ́kọ́ rẹ́ hun ìborùn fún mi. Mo wé e lọ kí Jímọ̀. Kí lèmámù tó parí wáàsí, mo ti ń họ ọrùn bí ajá eléégbọn. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rọra sún kúrò.

Jemilat ò fepo bọyọ̀.

"Daddy Teslim, ẹ wá akọ tí irun ẹ̀ soft fún wọn. Bí irun ọmọ tí wọ́n bá bí bá tún yún èèyàn, gbogbo wọn ń lọ o. I'm serious."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo fẹ́ràn àwọn ẹran yẹn. Bí mo bá wa takisí dé, àwọn nìkan ló ń sáré wá pàdé mi. Àwọn ọmọ mi nílé kì í gbójú kúrò lórí fóònù.

Rosaline, òyìnbó kan tó ń sin alipáká ní Kent, fi ọkọ̀ gbé akọ méjì wá sí pápá kí a lè mú ọ̀kan. Ọ̀kan ga, ó gbórí sókè, ó ń yan fanda bíi baálẹ̀. Èkejì kúrú, ó rí wúruwùru, ó ń jẹ koríko lọ ní tiẹ̀. Mo la ẹnu èyí tó ga kí n lè wo eyín rẹ̀. Ó tutọ́ aláwọ̀ ewé sí mi lójú.

"Ẹ ò rí agbára!" Mo ń nu irùngbọ̀n. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Eléyìí la máa mú."

Rosaline ní kí n kọ́kọ́ la irun èjìká rẹ̀ wò. Mo ní láti Ìjẹ̀bú ni mo ti ń yan ẹran.

Jemilat ò bá mi jiyàn. Ó la irun èyí tó ga, ó fi ọrùn kàn án, ó dìde, ó ń họra. Ó bọ́ sọ́dọ̀ èyí tó kúrú. Irun inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ó sì wé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìdí irun dé ṣóńṣó rẹ̀. Jemilat gbé ọrùn lé e, kò sì tètè dìde. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú.

"Eléyìí ni, Daddy Teslim."

"Èwo? Kò ní ìdúró rárá!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi náà, ìdúró ni mo wò nígbà tí mò ń yan husband. Ẹ ga, ẹ lóhùn, ẹ mọ̀ ọ́n rìn. Mi ò la irun yín wò. Àtìgbà yẹn lẹ ti ń yún mi lọ́rùn. Ṣé mo wá dá yín padà?"

Mo fọwọ́ ara mi fa èyí tó kúrú lọ bá àwọn abo.

Rosaline ń lé èyí tó ga padà sínú ọkọ̀. Ó ṣì gbórí sókè. Mo sún mọ́ ọn, àmọ́ mo jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

"Má bínú, arákùnrin," ni mo wí. "Ọpẹ́lọpẹ́ Jemilat, èmi náà ì bá ti wà nínú ọkọ̀ yẹn."