Nígbà tí Àyà Sìmíátù Dákẹ́

"Ìdíátù, ṣé o ò gbọ́ ni? Ti ilẹ̀kùn yẹn, òwú ń fò lọ!"

Ọ̀gá ló ń pariwo láti ìta. Ìdíátù ti ilẹ̀kùn. Òun ni olórí àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń ki òwú àràbà sínú ìrọ̀rí fún Ọ̀gá Yẹ̀kínnì ní Muṣin. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, wọ́n ti fi pákó kàn án pa. Òwú kún inú yàrá bí èéfín.

Sìmíátù wà ní igun, ó ń mí fíì, fíì. Ikọ́ fée rẹ̀ ti le láti àárọ̀. Kòtò ọrùn rẹ̀ ń jìn wọlé bó bá ti fa èémí, ètè rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tó lá aró.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Ó sinmi. "Ìta. Díẹ̀."

"Oníbàárà wà níta pẹ̀lú ọ̀gá. Ṣé o fẹ́ kó lé ọ ni?"

Ẹni tí oníbàárà bá gbọ́ tó ń húkọ́, ilé ló ń lọ, kí wọ́n má baà sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú ìrọ̀rí ọ̀gá. Òfin nìyẹn. Ìdíátù kì í ṣe òǹrorò. Ibi tó ti ń jẹun ló ń bẹ̀rù.

Lucy, tó ń rán ẹnu ìrọ̀rí, rẹ́rìn-ín. "Àǹtí onífèrè, fọn orin mìíràn jàre, èyí ti sú wa!"

Nígbà tó yá, fèrè náà dákẹ́.

"Ọlọ́run ṣeun," ni Ìdíátù wí. Sìmíátù ti fi orí ti ògiri. Ìdíátù ní kí ẹnikẹ́ni má pè é, kó rí oorun sùn. Wọ́n rán ìrọ̀rí mọ́kànlá sí i.

Ìgbà tí oúnjẹ ọ̀sán dé ni wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé e dé ọsibítù ní Yábàá.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà rẹ̀, ó tún un gbọ́. "Ihò tí èémí ń gbà ti wú nínú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí ìyókù. Ìgbà wo ni fíì-fíì yẹn dákẹ́?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, mà. A rò pé ara ti yá ni."

"Èémí tó bá ń ráyè kọjá ló ń pariwo." Nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò ó lójú. "Ìgbà tó dákẹ́ yẹn ló yẹ kí ẹ sáré."

Láti ọjọ́ náà, bí yàrá bá ti pa lọ́lọ́, Ìdíátù á dá iṣẹ́ dúró. Á máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn á fi dáhùn.

"Àbí iléèwé la wà ni, Ẹ̀gbọ́n?" ni Lucy bi í. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá mú ọmọbìnrin kan, Àràmídé, wá rọ́pò Sìmíátù ní igun náà, ó sì ka òfin ikọ́ fún un. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí òwú fi wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ó ki etí ìró bọ ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sí ohùn kankan.

Ìdíátù ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí.

"Húkọ́," ó ní. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, húkọ́ kí n gbọ́."

Àràmídé yọ ìró lẹ́nu. Ó wojú rẹ̀ bí ẹni tó rí pàkúté.

"Mi ò húkọ́, mà. Mi ò húkọ́ rí."

Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu rẹ̀ pa.