Omi Gbígbóná Lọ́wọ́ Ṣíngò

Ẹsẹ̀ Ṣíngò Kuwabara kò ní àbùkù. Ẹnu rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.

Ọmọ Japan ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn ló sì máa ń gbá nínú bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ ńlá kan ló kọ́kọ́ mú un lọ́mọdé, wọ́n lò ó díẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ó gbá ní ìlú kékeré kan létí òkun, ó gbá ní Thailand, kó tó wá dé Calgary ní Canada. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ níbi gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ lé e: o mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n o kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn ló ń rí gbogbo pápá. Tí kò bá lanu, àwọn yòókù á máa sáré bí afọ́jú.

Kì í ṣe pé ó yadi. Níbi tó ti kọ́ bọ́ọ̀lù, àbúrò ló ń fọ bàtà ẹ̀gbọ́n, àbúrò kì í sì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ó lè pàṣẹ fún ẹni tí kò jù ú lọ, ṣùgbọ́n Clement, kípà tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní Calgary, fi ọdún márùn-ún jù ú lọ.

Ọmọ Yorùbá ni Clement. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Sẹ̀gilọlá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ni ilé tí Ṣíngò ń gbé basement rẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ní àdúgbò Rundle. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n "ẹ̀gbọ́n" ni Ṣíngò kọ́kọ́ mú nínú Yorùbá. Ó bá a lára mu.

Nínú oṣù keje, bọ́ọ̀lù kan ga sókè láàárín àwọn méjèèjì. Ṣíngò rí i pé tòun ni. Ó tún rí i pé ẹ̀gbọ́n ń bọ̀. Ó yà fún un, kò sọ nǹkan kan. Clement náà rò pé Ṣíngò máa gbá a, ó dúró. Bọ́ọ̀lù já bọ́ sáàárín wọn, ọmọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ kejì sì rọra tì í wọlé. Clement ni àwọn èrò bú.

Kóòṣì pe Ṣíngò sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Tí o bá tún dákẹ́ báyìí kí ìdíje ọdún yìí tó parí, mi ò ní fún ọ ní contract mìíràn."

Ṣíngò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kò sí contract, kò sí ìwé iṣẹ́ ní Canada. Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, kò sì sí ẹgbẹ́ tó tún máa pè é. Bọ́ọ̀lù parí nìyẹn.

"Pariwo mọ́ mi," Clement wí nígbà tí wọ́n délé. "Pe orúkọ mi. Bú mi tó bá wù ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n wo?" Sẹ̀gilọlá dá sí i. "Ẹni tó ń hanrun bí ọkọ̀ tó ń kó snow?"

"Ẹ̀gbọ́n tó ń hanrun, ẹ̀gbọ́n náà ni," Clement wí.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà ìdánrawò, Ṣíngò lanu láti pe orúkọ Clement, orúkọ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Ọ̀sán Sátidé kan ni nǹkan yí padà. Dóyin, àbúrò Sẹ̀gilọlá tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó ń kàwé ní college, ń se ìrẹsì ní kíṣìnnì. Dóyin yìí, kò sí àárọ̀ tí kì í kúnlẹ̀ kí Clement. Kì í pe orúkọ rẹ̀. "Bọ̀dá mi" ló ń pè é. Clement dúró síwájú síńkì, ó ń wo fóònù, Ṣíngò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dóyin gbé ìkòkò ìrẹsì tó ń hó kúrò lórí iná, ó yí padà.

"Àgò lọ́nà! Omi gbígbóná!"

Clement fò, ó lẹ̀ mọ́ fìríìjì, ó tẹ Ṣíngò lẹ́sẹ̀. Dóyin kọjá, ó da omi ìrẹsì nù sí síńkì, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó wá tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Ẹ dí ọ̀nà ni."

"Ta ló bínú?" Clement ti padà sídìí fóònù rẹ̀.

Ṣíngò yíjú sí Sẹ̀gilọlá tó jókòó nídìí tábìlì. "Ó pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò bá a wí."

"Omi gbígbóná ló gbé. Ẹni tó bá gbé omi gbígbóná, òun ló ni ọ̀nà. Ọba pàápàá á yà fún un."

"Ọ̀wọ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀wọ̀ wo? Kó dákẹ́, kó wá dà á sí i lára torí pé ó jù ú lọ? Ta ló ń bọ̀wọ̀ fún nígbà yẹn?"

Ṣíngò wo ìkòkò náà. Ó rántí àwọn èrò tó ń bú Clement nínú oṣù keje, àti Clement tó tẹrí ba, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ṣíngò ló dákẹ́. Òun ló gbé omi gbígbóná lọ́jọ́ náà. Ó bọ̀wọ̀ títí ó fi dà á sí ẹ̀gbọ́n lára.

"Àgò," ó rọra wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Bọ̀dá mi ti bó nìyẹn," Dóyin wí. "Ẹ tún un sọ, Bọ̀dá Ṣíngò."

Àṣekágbá bọ́ sí oṣù kọkànlá, snow sì ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ Calgary ti fi góòlù kan ṣíwájú, ó kù díẹ̀ kó parí. Bọ́ọ̀lù kan wá ga sókè síwájú góòlù wọn. Clement jáde sí i, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ṣùgbọ́n snow ti kó sí i lójú. Ṣíngò rí bọ́ọ̀lù. Ó rí géńdé ẹgbẹ́ kejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó rí ẹ̀gbọ́n.

"Àgò!"

Kò mọ̀ pé òun ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Clement kò ronú. Ara rẹ̀ ló gbọ́. Ó fò padà, ó lẹ̀ mọ́ òpó góòlù bí ẹni pé fìríìjì ni. Àwọn ọmọ Canada méjì tí wọn kò gbọ́ Yorùbá rí náà fò sí ẹ̀gbẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ń dúró béèrè ìtumọ̀ irú igbe yẹn. Ṣíngò nìkan ló kù lábẹ́ bọ́ọ̀lù náà. Ó fi orí kàn án, bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, ó kọjá ìlàjì pápá.

Láti ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ó darí tọ̀tún, ó darí tòsì. "Clement, dúró síbẹ̀!" Orúkọ náà jáde geere, kò sí egungun nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, Calgary ló gba ife.

Kóòṣì sáré wá, snow kún fìlà rẹ̀. "Kí ni ọ̀rọ̀ tí o pariwo yẹn?"

"Omi gbígbóná," Clement ló dáhùn.

Kò yé kóòṣì, kò sì bìkítà. "Ọdún méjì," ó sọ fún Ṣíngò. "Wá fọwọ́ sí i ní Mọ́ńdè."

Ṣíngò dojú kọ pápá, ó tẹrí ba fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Ó yíjú sí Clement, ó tún tẹrí ba, èyí lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Clement fà á dìde. "Dìde jàre. O ti pariwo mọ́ mi tán."

Ní ìrọ̀lẹ́, èrò kún ilé ní Rundle, àwọn kan wá láti àdúgbò Martindale àti Falconridge. Ṣíngò ti kíṣìnnì jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ ńlá kan.

"Àgò lọ́nà!"

Clement lẹ̀ mọ́ ògiri. Sẹ̀gilọlá fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ṣíngò rọra kọjá láàárín wọn, ó gbé abọ́ náà sórí tábìlì.

Dóyin yọjú wò ó. "Bọ̀dá Ṣíngò, kúkúḿbà àti tòmátò ni ẹ gbé. Inú fìríìjì ni mo ti mú un jáde."

"Mo mọ̀," Ṣíngò wí, ó sì jókòó.