Ọmọ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Inú Ilé Asámọ̀

"Ẹ wò ó, Tíṣà. Ulé Asámọ̀. Ulé Asámọ̀. Eléyìí náà tún rèé, ulé Asámọ̀." Alice, ìyá Bímpé, ń fi ìka tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé náà bí ẹni ń pa èèrà. "Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ fọ́ọ̀mù. Ṣé ulé Asámọ̀ nìkan ló ń bímọ l'Ómù ni?"

Péjú fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ọmọ ilé Asámọ̀ ni òun fúnra rẹ̀, òun ló sì ṣe fọ́ọ̀mù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kafé tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkọ̀lé. Ní ọdún 2006 náà, ẹgbẹ́ ọmọ Òmù fẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, ọmọ kan péré láti ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé yìí bá dúró báyìí, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò lọ, ilé bàbá Péjú ni yóò sì ti wá.

Tíṣà Ọbáfẹ́mi, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Bímpé, ẹ fara balẹ̀. Péjú ti ṣàlàyé fún mi lánàá. Olúṣọlá tó wà l'Ékòó ló ṣe apá kejì iṣẹ́ náà, òun ló da gbogbo rẹ̀ rú. Mo pè é láàárọ̀ yìí, mo sì ti gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Péjú mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó sọ nìyẹn lóòótọ́, ó sì dá a lójú. Ṣebí Olúṣọlá ló ń sọ níjọ́sí pé ì bá sàn kí gbogbo iṣẹ́ náà wà l'Ékòó, pé kí ni wọ́n mọ̀ ní kafé Ìkọ̀lé? Bí orúkọ Péjú bá wá bàjẹ́, ta ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀?

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí Alice ń lò máa ń ju ìwọ̀n lọ. Kò gba Olúṣọlá gbọ́, kò gba Péjú gbọ́, ojú tó fi ń wo kọ̀ǹpútà pàápàá kò dáa.

"Bí iná ò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná," ó ní. "Mi ò lọ síbì kan. Kọ ti Bímpé lójú mi."

Péjú jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, Alice sì bẹ̀rẹ̀ lé e lórí títí gèlè rẹ̀ fi ń kan Péjú létí. Péjú tẹ orúkọ: Bímpé Dúródọlá. Ó tẹ ọjọ́ orí: méjìdínlógún. Ó wá mú Ejemu, ilé bàbá Bímpé, nínú àwọn ilé tó tò síbẹ̀.

"Ẹ̀yin náà rí i, mà. Ejemu ni mo mú."

Ó fi ránṣẹ́. Ojúewé náà yí, ó tún yí, nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì Ìkọ̀lé kì í kánjú fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, èsì dé: Bímpé Dúródọlá, ilé Asámọ̀.

"Ojú mi báyìí!" Alice figbe ta. "Wọ́n jí ọmọ mi gbé lójú mi!"

"Bí Olúṣọlá ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà."

"Dúró ná." Alice na ìka sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè pátápátá. "Kí rèé? Ṣé Ejemu kọ́ ni mò ń rí yìí?"

"Àdírẹ́sì ojúewé ni. Ohun tí ọmọ bá kọ, fọ́ọ̀mù á so ó mọ́ àdírẹ́sì, lẹ́yìn àmì ìbéèrè yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí a fi ń dá a mọ̀. Kóòdù Olúṣọlá, ìyẹn àṣẹ tó kọ fún ẹ̀rọ, á wá fi orúkọ yẹn ṣà wọ́n."

"Kà á kí n gbọ́."

"oruko, Bímpé Dúródọlá. ojo, méjìdínlógún. Lẹ́yìn náà…" Péjú sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni "ule=Ejemu".

Ó sáré ṣí ẹ̀dà kóòdù Olúṣọlá. Ibẹ̀ ṣe kedere: kí ẹ̀rọ wá "ile", bí kò bá rí i, kó mú ilé tó ṣáájú nínú ìwé orúkọ àwọn ilé. Bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe lọ ni wọ́n to ìwé náà, Asámọ̀ ló sì ṣáájú. "ile" ni òun àti Olúṣọlá jọ fẹnu kò sí. Òun ló wá tẹ ule, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ fura. Ẹ̀rọ wá ilé títí, kò rí i, ó sì kó ọmọ gbogbo ìlú fún Asámọ̀.

Ó yí lẹ́tà "u" padà sí "i", ó tún un rán. Bímpé Dúródọlá, ilé Ejemu.

"Ọpẹ́ o!" Alice pàtẹ́wọ́. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àdírẹ́sì gbogbo wọn ṣì wà nípamọ́, mà. Ilé kálukú wà lára rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, màá ti tún wọn kọ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó mú fìlà rẹ̀, ó dìde. "Mo ní ẹ fara balẹ̀. Péjú, o ṣeun tí o tún ìbàjẹ́ ọmọ Èkó yẹn ṣe. Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ó parí."

Kí Péjú ṣáà dákẹ́ ló kù. Kò sí ẹni tó lè ka kóòdù nínú yàrá náà àfi òun. Alice ti ń fojú àánú wò ó, ojú àánú yẹn ló sì wá dùn ún jù. Ìtìjú mú un débi pé kò lè gbórí sókè.

"Kò tíì parí, sà. Olúṣọlá ò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo kọ ulé níbi tó yẹ kí n kọ ilé. Mo fẹ̀sùn kàn án láìyẹ iṣẹ́ ara mi wò."

Tíṣà padà jókòó. "Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀dàlẹ̀ láàárọ̀ yìí, Péjú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo gbára lé."

"Mo mọ̀, sà."

"Pè é," Alice ní.

Fóònù dún pẹ́ kí Olúṣọlá tó gbé e. "Ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ló tún kù?"

"Olúṣọlá, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo kọ ulé, kóòdù rẹ ń wá ilé. Mo fẹjọ́ rẹ sùn láìṣẹ̀."

Olúṣọlá bi í pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Tíṣà wà níbí. Ìyá Bímpé náà wà níbí."

"Tún un sọ kí wọ́n gbọ́."

Péjú gbé ohùn sókè, ó tún un sọ.