Rédíò Ọ̀gá Akọrin àti Ewúrẹ́ Tó Sọnù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ẹ kú ọdún tó ń bọ̀, ẹ kú ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá wa sí dé ìparí ọdún yìí, tó fún wa ní ohùn tí a fi ń kọrin, tó sì fún wa ní etí tí a fi ń gbọ́ ti ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ etí gan-an ni mo gbé wá.

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án òní, nínú ọkọ̀ mi, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́yẹni, ọ̀gá akọrin ìjọ wa, ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìsìn orin Kérésìmesì. Àwa akọrin mẹ́tàdínlógún la jókòó níwájú rẹ̀. Kò wo ojú ẹnì kankan. Ọ̀pá tó fi ń darí orin ló tẹjú mọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi nà.

Kí a tó gbọ́ àlá náà, ó yẹ kí a mọ ohun tó bí i. Ọmọ́yẹni kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú orin. Láti oṣù Kẹsàn-án ló ti máa ń kó orin Kérésìmesì sílẹ̀. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá fi máa wọlé, àwọn akọrin á ti kọ orin kan náà títí ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Lọ́dún yìí, ó fi òfin kan lé e: láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, akọrin kankan kò gbọdọ̀ gbọ́ ohunkóhun nínú rédíò bí kò ṣe orin Kérésìmesì. Ó ní ohun tó bá gba etí wọlé ni yóò gba ẹnu jáde.

Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà mú ni Ṣijúwọlá, ọmọbìnrin télọ̀ tí ohùn rẹ̀ dùn jù nínú akọrin. Wọ́n ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń gbọ́ ètò kan tí wọ́n ti ń kọ́ni bí gbẹ̀gìrì kò ṣe ní jóná. Ọmọ́yẹni gba ìwé orin àdákọ, èyí tí ọmọbìnrin náà nìkan fẹ́ dá kọ, lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Orin àwọn olùṣọ́-àgùntàn ni, oṣù mẹ́ta ni ọmọbìnrin náà ti fi ń kọ́ ọ. Ọ̀gá ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò àyà rẹ̀. Ṣijúwọlá kò jiyàn. Ó ní, "Ó dáa, sà," ó sì lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn.

Ohun tí àwọn akọrin kò mọ̀ ni pé orin Kérésìmesì ti sú Ọmọ́yẹni fúnra rẹ̀. Ìwé ló ń tà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Láti Iléṣà títí dé àwọn abúlé, inú ọkọ̀ ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá a, inú ọkọ̀ ni ilẹ̀ ti ń ṣú bá a. Ibi yòówù kó yí rédíò ọkọ̀ náà sí, agogo Kérésìmesì ló ń dún níbẹ̀, òjò dídì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní gbogbo Ìjẹ̀ṣà sì ń rọ̀ nínú orin. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó fara dà á. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣàkíyèsí pé òun ń payín keke. Ó bá tún yí rédíò, ó sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka ìkéde ohun tó sọnù.

"Wọ́n ń wá ewúrẹ́ dúdú kan. Etí òsì rẹ̀ funfun. Okùn aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Àlàdé ní Òkè-Odò ló ni ín."

Kò sí agogo níbẹ̀, kò sí òjò dídì. Ọkàn Ọmọ́yẹni rọ̀ wọ̀ọ̀ bí omi inú àmù. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ìkéde náà fo òun. Bí ó bá rí akọrin kan lẹ́bàá ọ̀nà, á yára yí rédíò padà sórí Kérésìmesì, á sì máa mi orí sí i. Bí onítọ̀hún bá ti kọjá, ojú á tì í, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á tún padà sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tí à ń wí yìí, ó tètè dé ní wákàtí kan, ó gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí fèrèsé, ó ń dúró de ìkéde. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ.

Nínú àlá náà, ó ń wakọ̀. Gbogbo rédíò ayé ló ń kọrin Kérésìmesì. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kó yí i, bọ́tìnnì bá la ojú, ó wò ó.

"Bàbá, láti àárọ̀ lẹ ti ń lọ́ mi lọ́rùn. Kí lẹ̀ ń wá gan-an?"

Ọmọ́yẹni kò rí ohun ìyanu kankan nínú èyí. Ó tọrọ àforíjì, ó ní ohun tí kò bá ṣáà ti ní agogo nínú ni òun ń wá. Bọ́tìnnì béèrè bóyá ó ní ìwé àṣẹ. Ó ní òun kò ní. Bọ́tìnnì mí kanlẹ̀, ó ní ẹni tí orin Kérésìmesì bá sú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì, kí Bàbá sì tètè máa lọ, nítorí aago méjì ni wọ́n ń jẹun níbẹ̀.

Ó yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀nà ọ̀dà di àárín ṣọ́ọ̀ṣì, àga lọ́tùn-ún, àga lósì. Ó rọra fun fèrè ọkọ̀ fún àwọn tó ń gbàdúrà, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà láì la ojú. Ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́ Olúwa. Nígbà tó dé iwájú, ó gbójú sókè. Ọ́fíìsì náà ń léfòó nínú ọyẹ́ bí igbá lórí omi, okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi dè é mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Òṣogbo. Ọmọ́yẹni gbà pé ètò tó dára ni. Ó to ìwé orin lé ara wọn, ó ń gùn wọ́n lọ bí àkàbà. Bó bá ti tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ìwé náà á ní, "Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, Ọ̀gá," òun náà á sì ní kó má bínú.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin méjì tó so táì mọ́rùn, àti obìnrin kan. Ọkùnrin àkọ́kọ́ na fọ́ọ̀mù sí i, ó béèrè pé, "Bàbá, ṣé orin Kérésìmesì ti sú yín?"

Nítorí èyí ló ṣe wá. Ṣùgbọ́n ó rí i pé aṣọ akọrin ni ọkùnrin náà wọ̀ sábẹ́ kóòtù, ìtìjú bá mú un. Ó ní, "Rárá o. Kò sú mi rí."

Òṣìṣẹ́ náà mi orí. Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó di ewúrẹ́ pẹ̀lú táì rẹ̀ lọ́rùn. Ó ń fi pátákò lu ìwé ní òǹtẹ̀ lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ọkùnrin kejì béèrè bóyá ó máa ń gbọ́ ìkéde ewúrẹ́ tó sọnù. Ọmọ́yẹni ní òun kò tilẹ̀ mọ ewúrẹ́ kankan rí láyé òun. Èyí tó ń lu òǹtẹ̀ gbójú sókè, ó wò ó, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ. Òṣìṣẹ́ kejì di ewúrẹ́.

Ó ku obìnrin náà. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ ni ohùn pẹ̀lẹ́ inú rédíò. "Ta ló rú òfin nínú akọrin yín?"

Àyè ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀ láti dárúkọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣijúwọlá ni."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dú, etí òsì rẹ̀ funfun, okùn aláwọ̀ ewé sì yọ lọ́rùn rẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ọmọ́yẹni rántí ẹni tó sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí àkùkọ tó kọ. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé ẹni yẹn tilẹ̀ rí àkùkọ; ewúrẹ́ ló kan òun.

Ewúrẹ́ dúdú náà jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wú ikọ́ díẹ̀, ó ń kàwé.

"Ìkéde. Wọ́n ń wá ayọ̀ kan. Kò tóbi. Ọ̀gá akọrin kan ló ni ín. Nígbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn, bàtà tó wọ̀ tóbi jù fún un, ó ń lọ láti ilé dé ilé láàárọ̀ Kérésìmesì, ó ń kọrin, kò sì bìkítà bóyá ohùn òun bá ti ẹnìkejì mu. Ẹni tó sọ ọ́ nù kò wá a. Ti ẹlòmíràn ló lọ gbà."

Ọmọ́yẹni wo ilẹ̀. Ó béèrè lóhùn kékeré pé ti ta ni òun gbà.

"Ẹ tọwọ́ bọ àpò yín."

Ìwé orin àdákọ náà wà níbẹ̀. Ó gbóná bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú epo, ó sì ń mí. Ó ń rọra kọ orin àwọn olùṣọ́-àgùntàn fúnra rẹ̀, ní ohùn tí Ọmọ́yẹni mọ̀ dáadáa. Láti oṣù Kẹsàn-án ló ti ń tún orin náà ṣe, ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Kó tó mú un jáde, ewúrẹ́ ní, "Aago méjì ti lù, oúnjẹ yá," ó sì ki ẹnu bọ àpò.

Ọmọ́yẹni ta jí. Orí ewúrẹ́ wà nínú fèrèsé ọkọ̀, ó ń jẹ ìwé láti inú àpò àyà rẹ̀. Dúdú ni, etí òsì rẹ̀ funfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni Ṣijúwọlá dúró sí, ó ru aṣọ akọrin tó rán fún ìsìn ọjọ́ Ìsinmi lórí, ó sì fi ọwọ́ kan di okùn aláwọ̀ ewé mú.

"Ẹ kú oorun, sà. Ewúrẹ́ Ìyá Àlàdé tí wọ́n ń wá nìyí."

"Níbo lo ti gbọ́ pé wọ́n ń wá a?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí.

Ṣijúwọlá wo rédíò ọkọ̀ náà. Nínú rédíò, obìnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ ń ka ìkéde lọ, ó ń sọ ti etí, ó ń sọ ti okùn. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ títí dé ìparí, ẹnì kankan kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

"Èmi náà gbọ́ ọ," Ọmọ́yẹni wí. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń retí kí wọ́n rí i."

"Mo mọ̀, sà. Fèrèsé ọkọ̀ yín kì í padé dáadáa. Bí ẹ bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń gbọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún àwọn akọrin?"

"Ẹnì kankan ò bi mí, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo àlá náà lọ. Òun ló mú un wá síwájú gbogbo akọrin lọ́jọ́ náà, tó fi sọ ohun gbogbo láì fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó parí, Bàbá Ògúnṣuyì, àgbà olóhùn ìsàlẹ̀, wú ikọ́, ó ní bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìjẹ́wọ́ ni òní, ìròyìn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni òun ń gbọ́ nínú rédíò ní tòun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ́yẹni kò lè rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìyókù ìwé náà tí eyín ewúrẹ́ ti gé, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọmọ tó lè bí.

"Ṣijúwọlá, dárí jì mí."

Ọmọbìnrin náà fi orúnkún kanlẹ̀ gbà á. Ó ní òun ti mọ ìdajì tí ewúrẹ́ jẹ sórí. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ọmọ́yẹni gbé ọ̀pá sílẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn tí Ṣijúwọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì ń gbọ́. Nígbà tí orin dé ibi tí akọrin gbọ́dọ̀ ti sinmi díẹ̀ kó mí, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ abẹ́ máńgòrò ké lóde, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ọmọ́yẹni nìkan ni kò yíjú wo fèrèsé. Ó tẹrí ba.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Olúwa má jẹ́ kí ayọ̀ yín sọnù sínú iṣẹ́ ìsìn yín. Bí ó bá sọnù, kí Ó rán ẹni tí yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ kéde rẹ̀ sí yín létí. Kí ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbóná nínú àpò yín títí ẹ ó fi dá a padà. Àmín.